Ìwọ̀n Ọmọ Mi Dúró Sójú Kan: Lẹ́tà Àwọn Òbí àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń dáhùn ìbéèrè lórí ìlera ọmọ. Ọmọbìnrin mi ti pé oṣù 19. Ohun tó wà lórí káàdì rẹ̀ nìyí: ọjọ́ tí mo bí i, kílò 3.4, oṣù 6, kílò 7.6, oṣù 9, 8.4, oṣù 12, 8.8, oṣù 15, 9.0, oṣù 18, 9.1. Lóṣù yìí náà, 9.1 ni. Gígùn rẹ̀ ní oṣù 18 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 79, okùn tí wọ́n fi wọn apá rẹ̀ sì dúró sí 13.4. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo já a lẹ́nu ọmú ní oṣù 14 nítorí iṣẹ́. Ẹ̀kọ mímu ló ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, mo máa ń fi ṣúgà àti mílíìkì díẹ̀ sí i. Lọ́sàn-án, ìyá tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ a fún un ní ìrẹsì tàbí àmàlà díẹ̀. Ó ti ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù, pé ara rẹ̀ á kún tó bá yá. Aládùúgbò mi ní kí n ra oògùn tí ń mú ọmọ jẹun. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbọ́?
*Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn*

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n náà sílẹ̀ tọjọ́ tọjọ́, nítorí inú wọn ni ìdáhùn wà.

Láti oṣù 12 dé oṣù 18, gíráàmù 300 péré ni ọmọ yín fi kún ara rẹ̀. Lórí àtẹ tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2006, ọmọbìnrin tó wà ní ìlà àárín jẹ́ kílò 8.9 ní oṣù 12, ó sì jẹ́ 10.2 ní oṣù 18. Ìyẹn ni pé ọmọ bẹ́ẹ̀ fi nǹkan bíi gíráàmù 1,300 kún un láàárín oṣù mẹ́fà kan náà. Nígbà tí ọmọ yín pé oṣù 6, ó wà lókè ìlà àárín, nítorí 7.3 ni ìlà náà, òun sì jẹ́ 7.6. Ó ti bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa báyìí.

Síbẹ̀, kílò 9.1 kì í ṣe ìwọ̀n ọmọ tó rù. Ààlà ìsàlẹ̀ fún ọmọbìnrin oṣù 18 jẹ́ 8.1. Apá rẹ̀ náà dára: sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè ni àwọ̀ ewé lórí okùn tí wọ́n fi ń wọn apá. Gígùn rẹ̀ kò jìnnà sí ìlà àárín, tó jẹ́ 80.7. Ìdí rèé tí nọ́ọ̀sì tó bá wo ìwọ̀n tòní nìkan fi lè sọ fún yín pé kò sí wàhálà. Ẹ má fi ìyẹn ṣe. Ìlà ni a ń wò, kì í ṣe àmì kan ṣoṣo. Ìlà tó ti ń gòkè tẹ́lẹ̀ tó wá tẹ́jú fún oṣù mẹ́fà ń sọ pé nǹkan kan ń dí ọmọ yìí lọ́wọ́. Ìwọ̀n ló sì kọ́kọ́ ń dúró. Tí a bá jẹ́ kó pẹ́, gígùn á tẹ̀lé e, ìyẹn sì ṣòro gan-an láti dá padà.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni irú káàdì tó ní ìlà yìí ti gbajúmọ̀ káyé tó mọ̀ ọ́n. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, lò ó ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, torí ìyá ló ń wà lọ́dọ̀ ọmọ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lásán. Ẹ ní kí wọ́n fi àmì sí ojú ìlà, kí wọ́n sì fi han yín.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín. Ìdàgbà ọmọ a máa rọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní. Ọmọ tó fi kílò mẹ́fà kún un lọ́dún àkọ́kọ́ kò ní fi ju bíi méjì àbọ̀ lọ lọ́dún kejì, oúnjẹ rẹ̀ náà a sì dínkù. Ṣùgbọ́n kílò méjì àbọ̀ lọ́dún ṣì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 200 lóṣù. Gíráàmù 50 lóṣù ni ti ọmọ yín. Eyín híhù kò lè fa ìyẹn, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Àsìkò tí eyín ń hù náà ni ọmọ ń rá, tó ń he nǹkan nílẹ̀ sẹ́nu, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń wá.

Kí ẹ tó dá oúnjẹ lẹ́bi, ẹ yẹ òṣùwọ̀n wò ná. Kó wà lójú òdo kí ọmọ tó gorí rẹ̀. Ẹ bọ́ gbogbo aṣọ, kí ẹ sì bọ́ pampers: èyí tó ti gba ìtọ̀ lè wọn gíráàmù 200, ìyẹn sì tó ohun tó yẹ kí ọmọ fi kún un lóṣù kan gbáko. Tó bá jẹ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n ń so rọ̀ ni, kí nọ́ọ̀sì dúró títí ọmọ á fi dẹ́kun títa ẹsẹ̀ kó tó kà á. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa lò, torí pé méjì kì í sábà bára mu. Ní ti gígùn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdùbúlẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n lórí pátákó, ẹni méjì ló sì ń ṣe é: ọ̀kan á di orí mú mọ́ pátákó, èkejì á tẹ orúnkún rẹ̀ nílẹ̀, á sì gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ tú irun rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ṣùkú àti ìlẹ̀kẹ̀ irun lè fi sẹ̀ǹtímítà méjì tí kò sí níbẹ̀ kún ọmọ.

Ó wá ku abọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ yín dé yìí, ibẹ̀ ló ṣeé ṣe jù kí ìṣòro náà wà.

Lọ́la, ẹ bu ẹ̀kọ tó fẹ́ mu sínú ṣíbí, kí ẹ sì dorí ṣíbí náà kodò díẹ̀. Tó bá ṣàn dànù bí omi, omi ni ọmọ ń mu. Inú ọmọ kílò mẹ́sàn-án kì í gbà ju nǹkan bíi mílílítà 270 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá fi ẹ̀kọ ṣíṣàn kún un, agbára kálórì 100 lè má sí nínú gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ yóò ti yó, yóò sì yí orí kúrò. Ẹ ó máa rò pé kò fẹ́ jẹun, inú rẹ̀ ló kún. Ọmọ ọdún kan sí méjì tó ṣì ń mu ọmú nílò nǹkan bíi kálórì 550 láti inú oúnjẹ lójúmọ́. Èyí tí a ti já bíi tiyín nílò tó 900 sí 1,000. Ẹ̀kọ ìgbà méjì pẹ̀lú òkèlè díẹ̀ kò lè dé ìdajì rẹ̀. Ẹ tún wò ó: wọ́n já a ní oṣù 14, ìlà rẹ̀ sì tẹ́ pátápátá láti oṣù 15. Ọmú tó lọ kò ní nǹkan tó rọ́pò rẹ̀.

Ògì fúnra rẹ̀ ti pàdánù púpọ̀ kó tó dé orí iná. Bí a ṣe ń sẹ́ ẹ, tí a ń da eèrí nù, lára purotéènì àti èròjà irin inú àgbàdo bá eèrí lọ. Ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ, àmọ́ kó má dá lọ. Ní Kwara, ní àwọn ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kọ́ àwọn ìyá ní ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀kọ ìlera: ògì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí a yan, epo pupa àti ṣúgà. Èrò yẹn ṣì dára títí dòní. Bí ẹ ṣe lè ṣe tiyín rèé:

Ẹ po ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ògì (kó ga díẹ̀ lórí ṣíbí) pẹ̀lú omi tútù díẹ̀. Ẹ máa da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, títí yóò fi di. Ẹ gbé e padà sórí iná fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan ẹ̀pà lílọ̀ sí i (bíi kálórì 95), ṣíbí tíì kan epo pupa (bíi 40), àti ṣíbí ìjẹun méjì mílíìkì oníyẹ̀fun (bíi 80). Láìfi omi kún un, abọ́ kékeré kan ti kúrò ní ọgọ́rùn-ún kálórì, ó ti lé ní igba àbọ̀. Ẹ lè fi ṣíbí tíì kan edé lílọ̀ rọ́pò mílíìkì nígbà mìíràn. Ẹ̀kọ tó dára yóò dúró lórí ṣíbí bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò. Tó bá di jù fún ọmọ, ẹ má fi omi là á, mílíìkì ni kí ẹ fi là á.

Ẹ̀pà náà ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Ẹ ṣà á kí ẹ tó yan án: gbogbo èyí tó bu, tó dúdú tàbí tó kíweje, ẹ dà á nù. Ẹ má fún adìẹ jẹ. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, iná kì í pa á. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò ní Benin àti Tógò, nínú ìwádìí tó jáde ní 2002, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni májèlé yìí wà lára wọn. Àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ló kúrú jù, tí wọ́n sì fúyẹ́ jù. Lẹ́yìn yíyan, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ láìfi omi sí i, kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ. Ẹ̀pà odindi kọ́ ni kí ọmọ yìí máa jẹ o, ó lè há a lọ́fun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fún un, kó jẹ́ díẹ̀ lórí ṣíbí tíì, kí ẹ sì wò ó bóyá ojú tàbí ètè rẹ̀ wú.

Ní ọ̀sán, ẹ bá ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀. Lọ́pọ̀ ilé, omi ọbẹ̀ ni wọ́n ń ta sórí òkèlè ọmọdé, ẹja wà fún àgbà. Kó yí padà: òkèlè díẹ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú púpọ̀, àti ẹja tó tó páálí ìṣáná tí a ti yọ egungun rẹ̀, tí a fi ọwọ́ fọ́. Tó bá jẹ́ ìrẹsì, kí ẹ̀wà rírọ̀ wà lórí rẹ̀. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ fi oúnjẹ náà sínú abọ́ onídèérí láti ilé, kí ẹ sì wo ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí ẹ bá dé. Ìgbà yẹn lẹ ó mọ ohun tó ń wọ inú ọmọ gan-an. Lálẹ́, ìdajì mọ́ínmọ́ín ńlá kan pẹ̀lú ẹyin, tàbí iṣu rírọ̀ tí a gún pẹ̀lú epo àti ẹyin kan. Láàárín wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, píà, tàbí búrẹ́dì tí a fi ẹ̀pà lílọ̀ pa. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mílíìkì mímu kó má kọjá ife méjì, nítorí èyí tó bá pọ̀ jù ń gba ààyè oúnjẹ, ó sì ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò àti júùsì, ẹ gbé wọn kúrò pátápátá. Tíì pẹ̀lú oúnjẹ kò dára, torí ó ń dí èròjà irin lọ́wọ́ láti wọ ara.

Ẹ fún un ní abọ́ tirẹ̀, kó jókòó, kẹ́nìkan jókòó tì í. Ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tó. Ẹ má rọ ọ́. Àwọn ìyá wa mọ bí a ṣe ń da ọmọ dé itan, tí a fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, tí a ń rọ ẹ̀kọ wọlé, ṣùgbọ́n oúnjẹ lè bá èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù abọ́.

Ìgbẹ́ gbuuru ń kó ìwọ̀n lọ. Nígbà tó bá tún ṣe é, ẹ fún un ní omi ORS lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti tábúlẹ́ẹ̀tì zinc miligíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dáwọ́ dúró. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ dúró. Lẹ́yìn tó bá yá, ẹ fi oúnjẹ ìgbà kan kún ti ojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó fi gba ohun tó pàdánù padà. Bí ẹ bá ń fi fídà fún un ní mílíìkì, ẹ yí i padà sí ife. Ọmú fídà ṣòro láti fọ̀ mọ́, ibẹ̀ sì ni kòkòrò ìgbẹ́ ń sá pamọ́ sí.

Ní ti oògùn tí aládùúgbò yín sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Cyproheptadine ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ó ń mú ọmọ sùn, oúnjẹ tó sì mú un jẹ á tún dínkù tí ẹ bá dáwọ́ rẹ̀ dúró. Èyí tó burú jù ni kẹ́nìkan fún yín ní dexamethasone tàbí prednisolone láti fi mú un sanra. Omi àti ọ̀rá ló ń kó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó sì ń dá gígùn rẹ̀ dúró. Oògùn aràn ni ó yẹ kí ẹ béèrè nígbà tí ẹ bá lọ wọ̀n ọ́n: albendazole miligíráàmù 200 fún ọmọ ọdún kan sí méjì, 400 tó bá ti pé méjì. Ẹ béèrè fítámì A náà, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń fún ọmọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yìí lónìí, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ tó ń gba ohun tó pàdánù padà yóò fi tó gíráàmù 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un lóṣù náà. Tí kò bá tó 200, tí oúnjẹ sì wọlé dáadáa, ẹ lọ bá dókítà ọmọdé pẹ̀lú káàdì yín. Ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò ni ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, jẹ́nótáìpù, ìtọ̀ (àrùn inú ìtọ̀ kì í ṣe ariwo lára ọmọdé), ìgbẹ́, HIV, àti ikọ́ ife bí ẹnì kan nílé bá ń wúkọ́. Kó gbọ́ ọkàn rẹ̀, kó sì bi yín bóyá ọmọ ń hanrun, tó ń fi ẹnu mí lóru, torí ọmọ tí imú rẹ̀ dí kì í lè jẹun kó sì mí.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí okùn apá bá bọ́ sísàlẹ̀ 12.5, bí ó bá ń bì gbogbo oúnjẹ, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ara rẹ̀ bá rọ tí kò ṣeré mọ́. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn, tí kò dìde, omi ló wà lára rẹ̀, òṣùwọ̀n yóò sì máa purọ́ fún yín. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Bákan náà ni tí okùn apá bá sọ̀ kalẹ̀ ju 11.5 lọ.

Lẹ́tà kejì

Ẹ ǹlẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni a ń gbé. Ọmọkùnrin wa pé ọdún méjì àti oṣù méjì. Nígbà tí a bí i, ó wà lókè ìlà 91 díẹ̀ nínú ìwé pupa rẹ̀, ìyẹn ìwé ìlera ọmọ níbí (nínú ọmọ ọgọ́rùn-ún, 91 ló wà nísàlẹ̀ ìlà yìí). Ní oṣù 18, ó ti sún mọ́ ìlà 50, orí rẹ̀ ló sì wà báyìí, ìwọ̀n àti gíga rẹ̀ bákan náà. Health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn ọmọdé wò, ní kí a máa ṣọ́ ọ. Èmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 170, ìyàwó mi 160. Ìdààmú ọkàn bá ìyàwó mi.
*Bàbá ọmọ kan*

Ìdáhùn

Ẹ bá wa fi ọkàn ìyá ọmọ balẹ̀. Ìwọ̀n tí a bí ọmọ ń sọ bí inú ìyá ṣe gbà á sí. Ibi tó máa dàgbà dé, ìdílé ló ń fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó tóbi nígbà ìbí ló ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 18, tí wọ́n á wá rí ìlà tiwọn, tí wọ́n á sì dúró lórí rẹ̀. Tiyín ti dúró. Ẹ ṣe ìṣirò yìí: 170 àti 160, ẹ fi 13 kún un fún ọmọkùnrin, ẹ pín in sí méjì. Ó jẹ́ 171.5, pẹ̀lú nǹkan bíi 8.5 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ọmọ tí yóò ga tó bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tó fi yẹ kó wà lórí ìlà 91.

Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2017 sọ pé ọmọ tí ìwọ̀n ìbí rẹ̀ lókè ìlà 91, àlàfo mẹ́ta láàárín ìlà sí ìlà ni kó bọ́ sísàlẹ̀ kí a tó ka á sí ìṣòro. Tiyín kò pé mẹ́ta. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọdún méjì ni wọ́n ń ti ìdùbúlẹ̀ lọ sí ìdúró, ìdúró sì máa ń dín gígùn ọmọ kù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 0.7.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni fítámì D, màíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ láti ọdún kan títí di mẹ́rin. Ìmọ̀ràn yìí wà fún gbogbo ọmọ ní Bìrìtìkó, ó sì ṣe pàtàkì jù fún aláwọ̀ dúdú tí oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ bà lára. Kí mílíìkì rẹ̀ wà ní bíi mílílítà 350 sí 400 lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa níbẹ̀ ń mu ìgò mẹ́rin, tí ìyá sì ń kọminú pé kò jẹ ìrẹsì. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá tún kúrò lórí ìlà 50, tàbí tí gíga nìkan bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ rí GP, dókítà àdúgbò yín.

Lẹ́tà kẹta

Bàbá àgbà nílé wa ní a kò gbọdọ̀ fún ọmọ ní ẹyin àti ẹran, pé yóò di olè. Ṣé òótọ́ ni?
*Ìyá ọmọ ọdún kan àbọ̀, Ọ̀yọ́*

Ìdáhùn

Rárá. Ẹyin kan lójúmọ́ fún ọmọ yìí kò pọ̀ jù, kí ẹ sì sè é dáadáa kó le. Ẹ bọ̀wọ̀ fún bàbá, ẹ má jà, ṣùgbọ́n ẹ po ẹyin mọ́ mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ adìẹ tí a lọ̀ mọ́ ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò fún un ní èròjà irin ju ẹ̀fọ́ lọ.

Lẹ́tà kẹrin

Mo kí yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti tẹ̀ bí ọrun láti ìgbà tó ti ń rìn, ó sì ń pọ̀ sí i. Ó kúrú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nípọn. Láfún àti ẹ̀kọ ló fẹ́ràn, kì í mu mílíìkì. Mo ń fi òrí fà á lẹ́sẹ̀ láràárọ̀, kò yí padà.
*Màmá àgbà, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ fífà dúró. Egungun rẹ̀ rọ̀, òrí ò lè tún un ṣe, fífà sì lè ṣẹ́ ẹ.

Ẹsẹ̀ ọmọdé púpọ̀ ló tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rìn, a sì máa tọ́ kó tó di ọdún méjì. Èyí tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún méjì, pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó nípọn, ó dà bíi pé calcium, èròjà tó ń mú egungun le, kò tó lára rẹ̀, àrùn egungun tí ìyẹn ń fà ni rickets. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àìrí oòrùn ló sábà ń fà á. Tiwa yàtọ̀. Ìwádìí tó jáde ní 1999 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní àrùn yìí, tí wọ́n ṣe ní Jos, fi hàn pé calcium inú oúnjẹ wọn kò ju nǹkan bíi miligíráàmù 200 lọ lójúmọ́, àti pé calcium ló wò wọ́n sàn ju fítámì D nìkan lọ. Láfún àti ẹ̀kọ kò ní in tó.

Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún àwòrán egungun ọrùn ọwọ́ àti orúnkún, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Dókítà ni yóò sọ iye calcium tó yẹ. Ẹ má ra oògùn fúnra yín, nítorí bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá tẹ̀ ju èkejì lọ, ó lè jẹ́ àrùn mìíràn tí calcium kò lè wò. Nílé, ẹ ra ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ tegungun-tegungun títí yóò fi kúnná, kí ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan sínú ọbẹ̀ rẹ̀ lójúmọ́. Bí kò bá fẹ́ mílíìkì mímu, ẹ fi í ro ẹ̀kọ rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ mú un dúró kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fara kanra, kí ẹ fi okùn wọn àlàfo tó wà láàárín orúnkún rẹ̀. Bó bá ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Egungun kì í tètè tọ́, ó lè gbà tó ọdún kan tàbí méjì, àlàfo tó ń dínkù yẹn ni yóò fi hàn yín pé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́.